Ọmọ Tí Ó Kọ́ Ẹ̀kọ́ Nípa Ohun Abẹ̀mí: Iṣẹ́ Wo Ni Yóò Ṣe?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ó ti mú ìbànújẹ́ wọ ilé púpọ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́ bá fi orúkọ àwọn tí ó gbà wọlé hàn, a máa ń rí ìdílé ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko tí ọmọ wọn bèèrè ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n tí a fún un ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, tàbí nípa ewéko, tàbí nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Bàbá a fajú ro. Ìyá a ní, "Ṣé alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ọmọ mi yóò máa là kiri títí ayé?" Ọmọ náà yóò sì wọ kíláàsì bí ẹni tí a jù sí ẹ̀yìn odi.

A kò lè bá wọn wí púpọ̀, nítorí dókítà ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sunkún, ẹ bá wa ká lọ sí etí omi.

Ní ọdún 1984, ọdún náà gan-an tí Yunifásítì tí òfin ọdún 1983 dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni, koríko àjèjì kan gba ojú omi Àjàṣẹ́ wọ inú ọ̀sà Àgbádárìgì. Kì í ṣe òjúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó sì lẹ́wà lójú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ìlú rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà tí ó fi bo omi mọ́lẹ̀ bí ẹní, tí ọkọ̀ ọpọ́n kò lè kọjá, tí àwọ̀n ń ya, tí ẹja kò sì rí afẹ́fẹ́ mí. Àdá kò ràn án, nítorí bí a ti ń kó o kúrò lónìí ni ó ń hù lọ́la.

Ta ni ó wá ojútùú? Àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni. Wọ́n bèèrè pé, ní ìlú tí koríko yìí ti wá, kí ni ó ń jẹ ẹ́? Wọ́n rí kòkòrò kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ gùn, wọ́n dán an wò pé kò ní fi ohun ọ̀gbìn wa ṣe oúnjẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u sórí omi ilẹ̀ Benin láti ọdún 1991. Koríko náà dínkù gidigidi níbẹ̀. Kò tán o. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí òjò bá rọ̀ tí iyọ̀ inú ọ̀sà sì dínkù, a tún ń rí i tí ó ń léfòó bọ̀.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó gba ẹ̀gẹ́ wa là. Ní ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú agbọ́n kékeré kan láti ilẹ̀ Paraguay sílẹ̀ ní Ìbàdàn, láti pa kòkòrò funfun tí ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Ẹni tí ó mu gaàrí láàárọ̀ yìí kò mọ̀ pé òun jẹ agbọ́n ní gbèsè.

Níti àìsàn ńkọ́? Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Júlàì ọdún 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n sì dá àrùn náà mọ̀. Ogún ènìyàn ni ó mú, mẹ́jọ kú. Bí a kò bá tètè mọ̀ ọ́n ńkọ́? Nígbà tí kòrónà dé ní ọdún 2020, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn amòye ní Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi jẹ́ olórí wọn, fi ka àbùdá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí a kò tí ì ṣe rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ kíyèsí i pé Happi kì í ṣe dókítà tí ń wo aláìsàn. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní iṣẹ́ wọ̀nyí ga jù, ẹ wo ẹja àrọ̀. Nínú adágún tí a gbẹ́, àrọ̀ kì í sábà yé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò gún abo ní abẹ́rẹ́ ní alẹ́, yóò sì tẹ ẹyin jáde láàárọ̀. Yóò pa akọ, nítorí àtọ̀ rẹ̀ kì í jáde bí a bá tẹ ikùn rẹ̀. Yóò pò ó mọ́ ẹyin, yóò da omi sí i. Ní ọjọ́ kejì ọmọ ẹja tí ó kéré bí ìdin yóò ti máa yọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí tí ó yára dàgbà yóò máa gbé arákùnrin rẹ̀ mì, ẹni tí kò bá sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀ yóò ka ẹja rẹ̀, yóò rò pé olè wọlé. Mélòó ni ó ti fi owó àjọ gbẹ́ adágún, tí gbogbo ẹja rẹ̀ kú ní òru kan nítorí pé kò mọ bí a ti ń wọn afẹ́fẹ́ inú omi?

Àwọn mìíràn wà ní NAFDAC tí ń yẹ omi inú ọ̀rá wò, àwọn mìíràn ní ilé iṣẹ́ ọtí àti ti oògùn, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú igbó àti ẹranko ní Lẹ́kí. Wangari Maathai ti ilẹ̀ Kenya, ẹni tí ó kọ́kọ́ gba oyè nínú ẹ̀kọ́ yìí, ni ó gba Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel ní ọdún 2004 nítorí igi gbígbìn.

Ṣùgbọ́n àwa kò ní tan yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ni ó gba ìwé ẹ̀rí yìí tí wọ́n sì ń ta ọjà tí kò bá a tan. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ń ṣí fún un: ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kí ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí yóò jẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ìkọ́ni kún un. Ọmọ tí kò bá mọ èyí títí yóò fi sin ìlú tán yóò tún padà sí ilé ìwé, owó yín ni yóò sì ná.

Ìgbà tí ọ̀nà ń pín ni àwọn oṣù tí a ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ níta. Àwọn òbí kan a mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò wọn ní Àlàbá, kí ó máa ta rédíò, kí wọ́n sì bá a lu òǹtẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti ń pa ọmọ ẹja wà, ilé iṣẹ́ omi wà, ilé ìwádìí òkun ti ìjọba sì wà ní Victoria Island. Kí ọmọ kọ lẹ́tà sí wọn ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí bàbá sì wá owó ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í san kọ́bọ̀.