Iyán, Ìtọ̀ Ṣúgà àti Ọ̀rọ̀ Kítóònù ní Ilẹ̀ Èkìtì

Láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìyìn, láti Ìlawẹ̀ títí dé Ìjerò, kí a tó wá wọ Adó, ìlú Ẹ̀wí, tí í ṣe olú-ìlú fún gbogbo wọn, agbára káká ni a fi lè rí agboolé tí odó kò ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí baálé ilé tí yóò gba àlejò pàtàkì tí kò ní fi iyán ṣe é lálejò níwọ̀n ìgbà tí iṣu bá ń bẹ lábà. Nítorí náà, nígbà tí dókítà bá sọ fún àgbàlagbà Èkìtì kan pé àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti wọ̀ ọ́ lára, tí ó sì fi kún un pé kí ó dín iyán kù, ẹni náà kì í gbọ́ ọ bí ìmọ̀ràn oníṣègùn; bí ìgbà tí wọ́n ní kí ó kọ ogún baba rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń rí lára rẹ̀. “Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn” ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì wí i láìnídìí.

Àrùn náà kì í ṣe àjèjì láàárín wa mọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, ṣe olórí rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò káàkiri Nàìjíríà ní 1992, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997, ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni wọ́n bá a lára wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn sì kó àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e jọ ní 2018, ó ti sún mọ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àrùn ti ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olùgbani-nímọ̀ràn ń pọ̀ sí i. Ọmọ tó wà ní London tàbí Houston yóò tẹ bàbá rẹ̀ láago pé kí ó má fọwọ́ kan iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì mọ́, pé ẹran, ẹyin àti ẹ̀fọ́ nìkan ni kí ó máa jẹ. Kò ní pẹ́ tí aládùúgbò kan yóò fi sọ fún bàbá kan náà pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń mú ohun kan tí à ń pè ní kítóònù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé kítóònù ń pànìyàn. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú aláìsàn kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn bá wí, ibẹ̀ sì ni gbogbo àlàyé mi dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iyán fúnra rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù iṣu, nǹkan bí 27 ni sítáàṣì tí yóò di ṣúgà nínú ara. Bí iyán tí wọ́n gbé síwájú ọkùnrin tó ti oko dé bá wọn 400 gíráàmù, èyí tí kì í ṣe ohun bàbàrà lójú ọmọ Èkìtì, a jẹ́ pé nǹkan bí 100 gíráàmù sítáàṣì ni ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí gígún tí wọ́n gún un kúnná yóò sì mú kí ó yára dà. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní oúnjẹ tí sítáàṣì rẹ̀ kéré, láti òwúrọ̀ di alẹ́, kì í kọjá 130 gíráàmù, èyí tó sì kéré jọjọ kì í kọjá 50. Àwo iyán kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ìpín ọjọ́ náà tán.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí n fa gbòǹgbò èrò kan tu, nítorí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá: èrò pé èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti wíìtì kò ní ṣúgà nínú, pé kí onítọ̀ ṣúgà máa jẹ wọ́n títí yóò fi yó kẹ́ri. Sítáàṣì ni àwọn méjèèjì. Òtítọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kì í yára dà bí èyí tó pọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ro ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tóbi bí iyán àná kò tíì ṣe nǹkan kan. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ohun tó dára, tí kò sì ná ni ní ogún baba, ni kí iyán kéré kí ọbẹ̀ sì pọ̀, kí òkèlè má ju bí ìkúùkù ọwọ́ kan lọ, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewúro, ẹ̀gúsí, olú, ìgbín, ẹja àti ẹran kún àwo dẹ́múdẹ́mú. Ẹni tó bá dé Ọjà Ọba ní Adó láàárọ̀, tó rí bí àwọn ìyá wa ti ń to ẹ̀fọ́ tútù kalẹ̀ ní ìdì-ìdì, yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó nínú ọ̀ràn yìí. Ọ̀ọ̀lẹ̀ náà dára níwọ̀nba, nítorí pé sítáàṣì ẹ̀wà kì í yára dà bí ti iṣu, ohun amáradàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí wá ni kítóònù? Nígbà tí sítáàṣì kò bá wọlé tó, ara kì í káwọ́ gbera. Ọ̀rá tó ti fi pamọ́ ni yóò yíjú sí, ẹ̀dọ̀ yóò sì máa sọ ọ̀rá náà di kítóònù, èyí tí ọpọlọ, ọkàn àti iṣan lè fi ṣe agbára. Gbogbo ẹni tó gba ààwẹ̀ mọ́jú ni ó ń pèsè rẹ̀ níwọ̀nba. Níwọ̀n ìgbà tí ínsúlínì, omi ara tí pancreas ń sun, bá sì ń bẹ lára tó, ìjánu ń bẹ lẹ́nu ẹ̀dọ̀, kítóònù kò sì ní kọjá àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ínsúlínì bá tán, tàbí tí ó bá dín kù jù, ìjánu já nìyẹn: ṣúgà yóò ga, ìtọ̀ yóò máa ya, omi ara yóò gbẹ, kítóònù yóò sì gorí ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kan. Ẹni náà yóò máa bì, inú yóò máa run ún, yóò máa mí kíkankíkan láìsáré, èémí ẹnu rẹ̀ yóò máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù, iyè rẹ̀ yóò sì máa ra. Èyí ni àwọn dókítà ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè, DKA, ó sì ń pànìyàn ní tòótọ́.

Ìtàn ti ṣe ẹ̀rí pé oúnjẹ nìkan kò lè dí àlàfo náà. Kí Banting àti Best tó rí ínsúlínì yọ ní Toronto ní 1921, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Allen, ń dín oúnjẹ àwọn aláìsàn kù títí àwọn ọmọdé fi rù hangogo. Ó fi ìgbà díẹ̀ kún ẹ̀mí wọn, wọ́n sì ń kú síbẹ̀. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ń jẹ nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Toronto, tí gbogbo ara rẹ̀ kò wọn ju nǹkan bí 29 kílò lọ. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gún un ní oṣù kìíní 1922 kò ṣe bí wọ́n ti fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Collip, ẹlẹgbẹ́ Banting àti Best, fọ oògùn náà mọ́ tónítóní, tí wọ́n sì tún un gún, ṣúgà wálẹ̀, kítóònù sì pòórá nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú náà gbé ayé di 1935.

Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlínì mọ́ rárá, tí ó pọ̀ nínú àwọn tí àrùn náà bá láti kékeré, kò gbọdọ̀ pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, yálà ó jẹun tàbí kò jẹun. Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí ni ti ẹni tí ibà tàbí egbò ẹsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí kò lè jẹun, tí ó wá wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Èmi tí n kò jẹ nǹkan, kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe?” Àìsàn a máa mú kí ara fẹ́ ínsúlínì sí i ni. Bákan náà ni ti ẹni tó lọ gba ààwẹ̀ gbígbẹ lórí òkè àdúrà, tàbí ẹni tó gba ààwẹ̀ Ramadan, tí ó fi oògùn sílé láìbi dókítà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ojú lásán ni a fi ń mọ irú àtọ̀gbẹ tó mú ènìyàn. Ní Brooklyn, ìlú New York, àwọn oníṣègùn kọ ìwé ní 1994 nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti dàgbà, tí wọ́n sanra, tí kítóònù gbé wọn dé ilé ìwòsàn bí ọmọdé tí kò ní ínsúlínì, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Orúkọ àdúgbò Flatbush ni wọ́n fi pe irú àrùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí irú rẹ̀ náà lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ń gbé ní Paris. Ọ̀ràn àwa gan-an ni.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí àtọ̀gbẹ tiwọn jẹ́ irú kejì, tí ara wọn ṣì ń pèsè ínsúlínì, kítóònù kékeré tí àìjẹ iyán mú wá kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ewu tó sún mọ́ wọn jù ni oògùn tí wọ́n ń lò, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó ń lo glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tàbí tí ń gún ínsúlínì, tí ó sì jáwọ́ nínú iyán lójijì láìdín oògùn kù, ṣúgà rẹ̀ lè já sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL: òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ó sì lè dákú sójú pópó. Ti dapagliflozin àti empagliflozin tún yàtọ̀, nítorí pé wọ́n ń da ṣúgà sínú ìtọ̀. Àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kéde ní 2015 pé DKA lè dé sí ẹni tí ń lo irú wọn nígbà tí ṣúgà rẹ̀ kò tilẹ̀ ga. Kí aláboyún àti ìyá tí ń fọ́mọ lọ́yàn pẹ̀lú má ṣe dán oúnjẹ tí sítáàṣì rẹ̀ kéré jọjọ wò láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ̀rọ kékeré kan ń bẹ tó ń ka kítóònù nínú ẹ̀jẹ̀. Bébà tí a ń rì sínú ìtọ̀ sì wà tí owó rẹ̀ kéré sí i. Bí ẹ̀rọ bá kà á sí ìsàlẹ̀ 0.6 mmol/L, kò séwu. Láti ibẹ̀ dé 1.5, ẹni tó ń dín sítáàṣì kù, tí ara rẹ̀ le, tí ṣúgà rẹ̀ dára, tí kò sì lo dapagliflozin tàbí empagliflozin, lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí tí ó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, kí ó mu omi, kí ó sì tún un wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ó bá ti kọjá 1.5, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá pé 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí èébì kò bá dúró, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Kí ẹni tó gbé e lọ sì mú páálí gbogbo oògùn rẹ̀ dání, kí ó sọ fún dókítà pé aláìsàn náà ti jáwọ́ nínú iyán àti láti ìgbà wo, nítorí pé bí dapagliflozin bá wà nínú wọn, tí ẹ̀rọ sì ka ṣúgà rẹ̀ sí 180 mg/dL péré, wọ́n lè rò pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sílé.