Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ojú Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò. Wọn a yẹra fún ohun dídùn, wọn a máa mu àgbo, oṣù yóò sì máa gorí oṣù. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí wọ́pọ̀, pàápàá lára aboyún àti abiyamọ. Ṣùgbọ́n àrùn jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun ńlá pẹ̀lú a máa fara hàn bákan náà. Bí ó bá sì ti wọ inú ẹran ara tó yí ìfun ká, ìtọ́jú rẹ̀ a di iṣẹ́ ńlá.

Ìtọ́jú náà ti yí padà púpọ̀. Ní 1908, Ernest Miles, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé bí a ti ń gé ìsàlẹ̀ ìfun pẹ̀lú ihò ìdí kúrò. Láti ìgbà náà lọ, ojú ihò tí a dá sí ikùn aláìsàn ni ìgbẹ́ yóò máa gbà jáde sínú àpò, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní 1982, R. J. Heald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Basingstoke, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ni pé kí a yọ ọ̀rá tó yí ìfun náà ká pọ̀ mọ́ ọn láìjẹ́ kí ó ya, nítorí jẹjẹrẹ a máa fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìtànṣán ṣáájú ọ̀bẹ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Sweden ní 1997 fi hàn pé ìtànṣán ọjọ́ 5 ṣáájú iṣẹ́ abẹ dín iye àwọn tí àrùn náà tún hù padà lójú kan náà lára wọn kù, láti 27 sí 11 nínú 100. Ní 2004, àwọn onímọ̀ Jámánì fi hàn pé ìtànṣán pẹ̀lú oògùn ṣáájú iṣẹ́ abẹ sàn ju èyí tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ní ọdún kan náà, Angelita Habr-Gama ní Bràsíl ròyìn pé nínú aláìsàn 265 tí a tọ́jú báyìí, a kò rí kókó jẹjẹrẹ mọ́ lára 71. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn wọ̀nyí; wọ́n ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Lónìí, àwọn dókítà sábà máa ń lo ìtànṣán àti oògùn tán kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, àwọn mìíràn kì í sì í nílò ọ̀bẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó tètè dé ilé ìwòsàn ni ọ̀nà pọ̀ fún jù lọ. Nítorí náà, ẹ lọ rí dókítà bí ẹ bá rí:

• ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tí kò dáwọ́ dúró;
• àyípadà nínú bí ẹ ti ń yàgbẹ́, tó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta;
• ìgbẹ́ tó ń gbọ̀n yín lẹ́yìn tí ẹ ti yà á tán;
• rírù tàbí àárẹ̀ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ má ṣe tijú. Dókítà yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò sì fi ìka kan yẹ ojú ìdí wò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ bàbá ilé ni ó ń fi tirẹ̀ pamọ́, ẹ rọ̀ ọ́, kí ẹ sì bá a lọ. Àìtètè mólè, olè a mólóko.