Ilé Ìdáná Ẹni Etí Ọ̀sà: Kí Ó Lẹ́wà, Kí Ó Sì Tura

Nígbà tí owó díẹ̀ bá wọlé, kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ tún ṣe? Pálọ̀ ni. A ó ra àga tuntun, a ó pààrọ̀ kọ́tìnì, a ó kun ògiri. Ilé ìdáná ni a máa ń fi sẹ́yìn, nítorí àlejò kì í dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ń pẹ́ níbẹ̀ jù? Ìyá ilé ni, àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín iná ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 tí ó wà nínú wọn lé ní 237,000. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí nìkan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn ilé ìdáná tí a ṣe lọ́nà ti etí òkun: ògiri funfun, àwọ̀ aró díẹ̀, pákó tí a kò kùn lọ́dà, fèrèsé ńlá. Àwa ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò ní láti lọ wá àpẹẹrẹ rẹ̀ sí òkè òkun. Etí ọ̀sà ni ìlú wa méjèèjì wà. Ẹja ni a fi mọ Ẹ̀pẹ́, ọjà Olúwo sì jẹ́rìí sí i. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà, apẹ̀rẹ̀, ẹní, àdìrẹ, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Ohun tí ó kù ni ètò. Ètò náà ni pé kí a kọ́kọ́ ṣe ti afẹ́fẹ́, kí a ṣe ti omi, kí a ṣe ti iná, kí a tó wá kan ti ẹwà.

AFẸ́FẸ́

Ìhà gúúsù ni ọ̀sà wà sí ìlú méjèèjì, láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn sì ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Kí bíríkìlà tó lu ògiri, ẹ dá iná, kí ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà. Ẹ fi fèrèsé kan sí ìhà ọ̀sà kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ la ihò mìíràn sí òkè ògiri òdìkejì, nítòsí àjà, nítorí pé èéfín gbígbóná a máa lọ sókè. Abẹ́ ihò yìí ni kí ààrò tàbí sítóòfù wà. Bí ó bá jẹ́ ẹnu fèrèsé ọ̀sà ni ẹ gbé e sí, inú yàrá ni èéfín yóò gbà lọ.

Ẹja yíyan ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ilé rárá. Ẹ ṣe àtíbàbà fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Irú ààrò kan wà tí a fi orúkọ Chorkor pè, ìyẹn àdúgbò apẹja kan ní Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà. Amọ̀ tàbí bíríkì ni a fi ń mọ ọ́n, a ó sì to àtẹ onípákó tí ó ní nẹ́ẹ̀tì lé ara wọn lórí rẹ̀. Àwọn àtẹ náà ni ó ń há ooru mọ́ ara ẹja, nítorí náà kì í jẹ igi púpọ̀.

OMI

Ẹ wo bí a ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. A ó bó ewùrà, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó fọ ẹja, a ó sì dúró ti iná. Bí omi bá wà ní ìta, tí ibi ìgégǹkan wà ní kọ̀rọ̀ kan, tí iná sì wà ní òmíràn, mélòó ni ìyá yóò rìn kí oúnjẹ tó délẹ̀? Ní ọdún 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan láti Austria, Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná fún àwọn ilé tuntun ní ìlú Frankfurt ní Jámánì. Ó ṣírò ìrìn tí obìnrin ń rìn nídìí oúnjẹ, ó sì kó ohun gbogbo súnmọ́ ara wọn nínú yàrá tí ìbú rẹ̀ kò tó mítà 2, tí gígùn rẹ̀ kò sì tó mítà 3 àti ààbọ̀. Bíi 10,000 ni wọ́n kọ́. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ilé ìdáná yín kéré. Ẹ jẹ́ kí omi, ibi ìgégǹkan àti iná wà ní ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra wọn.

Gíga ibi ìgégǹkan náà ṣe pàtàkì. Kí ẹni tí ń dáná ká apá rẹ̀ ní ìgúnpá, kí tábìlì sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 rẹlẹ̀ sí ìgúnpá rẹ̀. Ibi tí a ti ń ro àmàlà ní láti tún rẹlẹ̀ sí i, nítorí agbára èjìká ni a fi ń rò ó.

INÁ

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí, kò ní gba ihò òkè jáde. Ẹ gbé sílíńdà sí ìta, lábẹ́ ìbòji, kí rọ́bà rẹ̀ gba ara ògiri wọlé. Ẹ fi ọṣẹ tí ó ń hó pa ojú ibi tí rọ́bà ti so pọ̀. Bí ó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé.

ẸWÀ

Ìgbà yìí ni ọ̀dà kàn. Ògiri funfun a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Ẹ lè kun ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ní àwọ̀ aró, kí àdìrẹ wà ní fèrèsé tí ó jìnnà sí iná. Apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó àlùbọ́sà sí, nítorí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi lẹ́búlẹ́bú pákó àti gọ́ọ̀mù tẹ̀. Ọ̀rinrin etí omi a máa jẹ́ kí ó wú. Ìrókò tàbí apá sàn jù, ikán kì í tètè bá wọn jà. Kí ìṣó àti irin ilẹ̀kùn jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà. Kí táìlì ilẹ̀ má dán, nítorí omi ẹja a máa yọ̀.

Kò di dandan kí a ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ihò lára ògiri kò wọ́n tó àga kan ṣoṣo ní pálọ̀, òun ni kí a sì kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yin baba ilé, kí ẹ tó ná àga tuntun, a bẹ̀ yín, ẹ wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ń se ẹ̀wà, kí ẹ sì jókòó níbẹ̀ títí yóò fi jinná. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò pe bíríkìlà.