Ìbọn Tí A Jogún Fẹ́ Ẹ̀sọ̀



Ọ̀rọ̀ ìbọn tí a jogún ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ọdẹ ló ní ọ̀kan tó ti ọwọ́ bàbá bàbá wá. Ìbọn náà kò ṣẹ̀. Ọta inú rẹ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò. Òjé ni, májèlé sì ni òjé. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010: wọ́n ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé, àwọn ọmọdé tó bá a lọ kò dín ní 400. Bí ọta òjé bá ba ẹran, a máa fọ́ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ojú kò ní rí gbogbo rẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ odò náà ń jìyà rẹ̀. Ó ń gbé ọta tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ mì bó ṣe ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì. Iwe rẹ̀ á lọ̀ ọ́, òjé á wọ ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi fòfin de òjé fún ọdẹ ẹyẹ odò. Nígbà tó fi di 1991, òfin náà ti kárí orílẹ̀-èdè wọn.

Irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́pò rẹ̀. Irin dára fún ìbọn tuntun, àmọ́ kò bá tàtijọ́ lára mu. Òjé rọ̀, ó ń gba ibi tí ẹnu ìbọn ti fún kọjá. Irin kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè ha inú ọ̀pá ìbọn, ó lè mú kí ẹnu rẹ̀ wú. Àwọn ọ̀pá àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Damascus: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni alágbẹ̀dẹ fi iná àti òòlù lọ́ pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Ògún gidi ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ipá lò.

Kí wá ni àwọn tó fẹ́ràn irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún ṣe? Wọ́n mú bismuth. Ìwọ̀n tí òjé fi wúwo tó gíráàmù 11.3, bismuth tó tó o lára á wúwo tó bíi 9.7, irin 7.8 péré. Kò le bí irin, kò ní májèlé bí òjé. Ó kàn máa ń fọ́ bí wọ́n bá tì í lójijì ni. Ìbọn fẹ́ ẹ̀sọ̀, ọta náà fẹ́ ẹ̀sọ̀.

Wọ́n wá ń di katiríìjì fúnra wọn. Wọ́n dín ọta kù, bíi gíráàmù 28 dípò 35. Wọ́n tún ń wo gígùn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìbọn England àtijọ́, katiríìjì ínǹsì 2½ ni wọ́n ṣe é fún. Ti 2¾ lè wọlé o, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá dún, ẹnu rẹ̀ á ṣí, á dí ọ̀nà, ipá á ga.

Wọn kì í fojú díwọ̀n. Bí a bá pààrọ̀ ẹyọ kan péré, bóyá ẹ̀tù ni o, bóyá ohun tó ń ṣáná sí i ni, bóyá ohun tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta ni, ipá lè fò sókè. Ìwọ̀n tí wọ́n ti dán wò ni wọ́n ń tẹ̀lé, wọ́n á sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ ti ń wọn ipá kí wọ́n tó yìn ín.

Ẹ̀yin tẹ̀ ń gbé Nàìjíríà, ẹ má dán dídi katiríìjì wò nílé. Òfin de ẹni tí kò gbàṣẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ìbọn wọn bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe nípọn tó. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kó jókòó sójú Ògún. Ẹran tí ẹ bá fi òjé pa, ẹ gé ibi ọgbẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ nù dáadáa. Ẹ má fún aláboyún àti ọmọdé jẹ nínú rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìbọn bàbá wa àti ọpọlọ ọmọ wa, ká fẹ̀sọ̀ mú méjèèjì. Ògún á gbè wá o. Àṣẹ.