Ilé-ìwé ìjọba ní Montgomery: ohun tí òbí ń gbé yẹ̀ wò

Ìdílé Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ orúkọ Montgomery. Káúńtì ńlá kan tó bá Washington pààlà ni. Ilé-ìwé ìjọba ibẹ̀ lé ní 200, akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì lé ní 150,000. Kò sí ẹ̀yà kan tó kó ìdajì wọn: àwọn tí ìdílé wọn ti Latin Amẹ́ríkà wá ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú àtàwọn ọmọ Éṣíà.

Kò sí owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n àdúgbò téèyàn ń gbé ló sábà máa ń pinnu ilé-ìwé tí ọmọ yóò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń yìn, owó ilé gbígbé ni yóò fi san án. Ilé Bethesda wọ́n bí ojú, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń gba Gaithersburg tàbí Silver Spring lọ.

Ǹjẹ́ àdàlù ẹ̀yà ń dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́? Ìwádìí tí Heather Schwartz gbé jáde lọ́dún 2010 tànmọ́lẹ̀ sí i. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni òfin Montgomery ti ń mú àwọn tó ń kọ́lé tà ní dandan láti ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Àjọ ìjọba ra lára ilé wọ̀nyí, ó sì ń pín àwọn ìdílé tálákà sínú wọn. Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe òbí ló yan àdúgbò, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òbí tó já fáfá ló sá lọ síbi tó dára. Schwartz tẹ̀lé ọmọ bíi 850 láti 2001 sí 2007. Àwọn tí ilé gbé dé ilé-ìwé tí tálákà kò pọ̀ sí mọ ìṣirò ju ẹgbẹ́ wọn tó wà níbi tí tálákà pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi kejì yìí ni ìjọba ń ná owó àfikún sí. Ìṣẹ́ tó kóra jọ sójú kan ló yẹ kí òbí bẹ̀rù, kì í ṣe àwọ̀ ara.

Àwọn òbí kan kì í kọ Yorùbá sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè èdè ilé, kí wọ́n má baà fi ọmọ sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù yìí kò nídìí. Ìdánwò ni wọ́n fi ń pinnu. Ọmọ tó bá yege, ó bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló gbóná jù. Lọ́dún 2022, káúńtì náà fi ìwé ìtàn tó ní ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kún ìwé àwọn ọmọdé. Ní 2023, wọ́n ní òbí kò lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn òbí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pẹjọ́. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹfà, 2025, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre: kí wọ́n máa sọ fún òbí ṣáájú, kí òbí tó bá fẹ́ sì lè yọ ọmọ rẹ̀, títí ẹjọ́ náà yóò fi parí.

Ohun kan kù tí kì í hàn nínú ìwé ìpolówó. Ilé-ìwé lè kún fún oríṣiríṣi ẹ̀yà, kí kíláàsì àwọn tó ń ka ìṣirò tó ga má ní ju ẹ̀yà kan tàbí méjì lọ. Òbí tó bá lọ wo ilé-ìwé, kíláàsì yẹn ni kó kọ́kọ́ yọjú sí.