ÀPÒ KAN ṢOṢO: OHUN ÀJÙMỌ̀NÍ NÍ ÌPÌLẸ̀ AYÉTÒRÒ (ÌLÀJẸ) ÀTI BISHOP HILL (ILLINOIS)

Ìfáárà

Kétu tó wà ní Kosọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Kétu àtijọ́ tó wà ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá gbọ́ èkíní kò lè ṣe kó má rántí èkejì. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa mú ọkàn ẹni padà sẹ́yìn. Irú rẹ̀ kan wà ní òkè òkun. Ní 1846, àwọn ará Sweden kan tẹ ìlú kékeré kan dó lórí ilẹ̀ ọ̀dàn ní Henry County, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Bishop Hill ni wọ́n pè é. Wọ́n kàn túmọ̀ Biskopskulla, orúkọ ibi tí a ti bí olórí wọn, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni.

Orúkọ Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní oṣù kìíní ọdún 1947 ní etí òkun Ìlàjẹ, kò tọ́ka sí ilé kankan lẹ́yìn. Odidi gbólóhùn ni: ayé tòrò. Àdúrà ni, ẹ̀hónú sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ayé rẹ̀ ti tòrò tẹ́lẹ̀ kò ní kó ẹrù lọ kọ́lé sórí ẹrọ̀fọ̀. (Kí a má ṣe ṣì í mú fún Ayétòrò ti ilẹ̀ Yewa, tí a tẹ̀ dó ní 1902.)

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàárín ìlú méjèèjì, síbẹ̀ orí àpò owó kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé Bíbélì ni wọ́n kà: ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní ohun gbogbo ní àjùmọ̀ní. Àlàyé yìí kò tó. Àìmọye ìjọ ló ti ka ẹsẹ̀ wọ̀nyí, tí kálukú sì padà sílé lọ ka owó ara rẹ̀.

Ohun tó lé wọn kúrò nílé

Àgbẹ̀ ni Eric Jansson. Ó ń wàásù pé ẹni tó bá gbàgbọ́ ní tòótọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àti pé Bíbélì nìkan ló yẹ ní kíkà. Ní 1844, òun àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní agbègbè Hälsingland sun ìwé Luther àti àwọn ìwé ìsìn mìíràn níná. Láti 1726 ni òfin Sweden ti ka ìpàdé àdúrà ilé tí kò sí àlùfáà ìjọba níbẹ̀ léèwọ̀; a kò pa òfin náà rẹ́ títí di 1858. Wọ́n mú Jansson ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó sá àsálà lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tó tẹ̀ lé e lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní owó ọkọ̀. Àwọn tó ní oko ta oko wọn, wọ́n da owó rẹ̀ sójú kan, àpò náà ni ó sì kó ọmọ-ọ̀dọ̀ àti aláìnílẹ̀ kọjá òkun. Kókó pàtàkì ni èyí: àpò kan ti wà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fi ojú kan ilẹ̀ Illinois.

Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí Moses Orímọládé dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, ni àwọn tó tẹ Ayétòrò dó ti wá. Wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn ni pé àwọn kọ ẹbọ àti òrìṣà sílẹ̀, àwọn sì tako pípa ìbejì, èyí tó mú kí àwọn aládùúgbò dojú ìyà kọ àwọn. Bí wọ́n ṣe fi abúlé wọn sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù.

Ọ̀dàn àti ẹrọ̀fọ̀

Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ni dù, ó ní ìdí. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní Bishop Hill, inú ihò tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè ni ọ̀pọ̀ ń sùn. Ebi àti àìsàn pa àwọn tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Onígbáméjì tún dé ní 1849. Ilẹ̀ ọ̀dàn náà lọ́ràá púpọ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò koríko ti dì í pọ̀. Ó gba ohun ìtúlẹ̀ ńlá àti ọ̀pọ̀ màlúù kí a tó lè là á. Kò sí ìdílé kan tí ó lè dá a ṣe. Ní Ayétòrò, kò tilẹ̀ sí ilẹ̀ tí à bá là. Orí òpó ni ilé wà, orí pákó ni a ń rìn, láti ọ̀nà jíjìn ni a sì ti ń gbé igi wá.

Yorùbá mọ àáró, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àáró, ìṣirò wà: ẹni tó bá ro oko ẹlòmíràn lónìí mọ ọjọ́ tí a óò wá ro tirẹ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún ni yóò se oúnjẹ. Ti Ayétòrò kò rí bẹ́ẹ̀. Apẹja kó ẹja, ahunṣọ hun aṣọ, akanjú-ọkọ̀ kan ọkọ̀. Kò sí ẹni tó gba owó iṣẹ́. Inú àpò ìlú ni owó ń wọ̀, láti ibẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé sì ti ń jáde. Ọba ìlú, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo, ni olórí ìjọ àti olórí iṣẹ́ pọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, iná mànàmáná ti dé, ilé búrẹ́dì, ilé bàtà àti ọkọ̀ apẹja ńlá sì wà pẹ̀lú.

Níbí ni iṣẹ́ Stanley Barrett ti wúlò jù. Ó fi Ayétòrò wé abúlé kan tó wà nítòsí rẹ̀: ẹ̀yà kan náà, ẹrọ̀fọ̀ kan náà, ẹ̀sìn tó jọra. Abúlé kejì kò da owó pọ̀, kò sì là. Kí àṣírí wọn má baà tú, Barrett pe ọ̀kan ní Olowo, ó pe èkejì ní Talika. Bóyá ó gbàgbé pé Yorùbá lè ka ìwé rẹ̀. Ohun tí àfiwé yìí fi hàn ni pé ìnira ibùdó nìkan kì í bí àpò kan, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì nìkan kò ṣe bí i. Ìgbà tí ìnira bá bá àwọn ènìyàn tí ìyà kan náà ti so pọ̀ ni.

Agbo-ilé tí kò sí

Ohun tó ṣàjèjì jù ní Ayétòrò lójú Yorùbá kì í ṣe owó. Ìlú Yorùbá a máa dúró lórí agbo-ilé: ẹbí ló ni ilẹ̀, baálé ló ń parí ìjà. Ìlú tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ agbo-ilé kan kò lè fi àyè gba agbo-ilé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, fún ìgbà kan, ọkùnrin ń gbé ní apá kan, obìnrin ń gbé ní apá kejì. Bishop Hill náà kò yọ sílẹ̀: lẹ́yìn ikú Jansson, àwọn olórí fi òfin de ìgbéyàwó fún ìgbà kan. Ọ̀ràn aya ló sì pa Jansson fúnra rẹ̀. John Root fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ìbátan Jansson, kúrò nílùú; àwọn ará ìlú kò jẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1850, Root yìnbọn pa Jansson nínú ilé ẹjọ́ ní Cambridge.

Bí àpò ṣe tú

Òṣì kọ́ ló tú àpò méjèèjì. Ní Bishop Hill, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ló ń bójú tó ohun-ìní láti 1853. Ọ̀kan nínú wọn, Olof Johnson, fi owó ìlú ṣòwò ilẹ̀ àti ti ojú irin. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1857, gbèsè yọjú. Ní 1861 wọ́n ti pín oko. Ẹjọ́ gbèsè náà kò tán nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ayétòrò, ọdún 1968 ni a gbà kí ẹnìkọ̀ọ̀kan máa ṣòwò fún ara rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló wà nídìí méjèèjì: nígbà tí àpò ṣófo, gbogbo ènìyàn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nígbà tó kún, ta ló ń kà á?

Ohun tó kù

Àwọn olùgbé Bishop Hill kò tó igba mọ́, ṣùgbọ́n ilé wọn ṣì dúró. Olof Krans, tó dé ibẹ̀ ní ọmọdé ní 1850, ya àwòrán àwọn obìnrin tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń gbin àgbàdo, àwòrán náà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ṣe rí. Ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1854 wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀ tí kò ní ju ọwọ́ wákàtí lọ.

Ayétòrò kò ní irú àǹfààní yẹn. Òkun ti ń jẹ ìlú náà láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Iṣẹ́ ìdènà òkun tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004 kò gbà á sílẹ̀. Ilé, ilé iṣẹ́ àti itẹ́ òkú ti wọ inú omi lọ. Àwọn tó bá àpò kan ṣiṣẹ́ kí ó tó tú ní 1968 ti di arúgbó, ẹnu wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ náà wà. Àwọn ará ìlú ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń tún òpó rì, wọ́n ń tún pákó tẹ́. Ilé tó wà lẹ́yìn ìlú nígbà kan ti di ilé tó kọjú sí òkun.