Ṣé O Mọ̀ Pé Irun Dúdú Kì Í Ṣe Dúdú?

Fa fọ́nrán irun kan yọ lórí rẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Gbé e sókè sí oòrùn ọ̀sán, kí o wò ó dáadáa. Ta ló ní dúdú ni? Bí ìmọ́lẹ̀ bá là á já, búráùn ló sábà máa ń yọjú, tòun ti pupa díẹ̀.

Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí ọ!

Ṣé o mọ̀ pé oríṣi èròjà àwọ̀ méjì péré ló wà nínú irun gbogbo ọmọ aráyé? Ọ̀kan ń ṣe dúdú àti búráùn. Èkejì ń ṣe pupa àti yẹ́lò. Ará Ìbàdàn, ará Ṣáínà, ará Sweden: àwọn méjèèjì yẹn náà ni. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀.

Ó tó nǹkan bí 100,000 fọ́nrán irun tó wà lórí ènìyàn kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Ó kéré lójú rẹ, àbí? Ó dáa, so gbogbo wọn pọ̀. Irun tuntun tó ń jáde lórí rẹ láàárín ọjọ́ kan ju mítà 20 lọ!

O sì fẹ́ kun gbogbo wọn nínú bálùwẹ̀ rẹ, láìsí bílíìṣì. Sún mọ́ mi, kí n sọ fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé irun ní nọ́ńbà? Láti 1 dé 10 ni àwọn onídáì ń kà á. 1 ni dúdú kirikiri. 10 ni góòlù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. 1 tàbí 2 ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó wù ọ́ nínú fọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ yẹn? Nǹkan bí 5 ni.

Dáì inú páálí lè gbé irun tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn gòkè ní nọ́ńbà méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Wá ṣírò rẹ̀. 2 pẹ̀lú 3 jẹ́ 5. O ti débẹ̀ nìyẹn! 10 ńkọ́? Gbàgbé ìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé irun dúdú kì í gba ọ̀nà tààrà lọ sí búráùn fẹ́ẹ́rẹ́? Pupa ló kọ́kọ́ ń yọ. Lẹ́yìn pupa, àwọ̀ ọsàn. Lẹ́yìn ọsàn, yẹ́lò. Kò sí irun dúdú tó ń fo ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, gbọ́ ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe dáì ń dá. Kí irun rẹ má baà pọ́n jù, wọ́n ń fi búlúù sínú dáì búráùn! Búlúù ń pa àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ ewé ń pa pupa. Wo ara páálí: bí o bá rí “ash” níbẹ̀, irú rẹ̀ nìyẹn.

Ṣí páálí náà wàyí. Ìgò méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí o bá ra ìgò kejì lọ́tọ̀, wàá rí nọ́ńbà lára rẹ̀: 10, 20, 30 tàbí 40. O rò pé kí ni wọ́n ń kà? Lítà kan nínú omi tí wọ́n kọ 20 sí lè tú lítà 20 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde. Lítà kan, ó bí ogún!

Nọ́ńbà 10 jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. 20 jẹ́ ìdá 6. 30 jẹ́ 9. 40 jẹ́ 12. 20 ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé. 40? Fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ irun.

Hydrogen peroxide lorúkọ omi yẹn. Òun náà ni wọ́n ń tà ní kẹ́místì fún egbò! Louis Jacques Thénard, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1818. Ọdún 49 kọjá. Ní 1867, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris, ni wọ́n tó fi han ayé pé ó ń ṣí àwọ̀ irun.

Ṣé o wá rí i báyìí? “Láìsí bílíìṣì” tí wọ́n kọ sára páálí kò sọ pé kò sí peroxide. Ìyẹ̀fun bílíìṣì ni kò sí. Omi Thénard wà ńbẹ̀ digbí!

Ṣé o mọ̀ pé fọ́nrán irun kan kì í sábà nípọn ju 0.1 mìlímítà lọ? Síbẹ̀, èèpo rẹ̀ tò léra bíi páànù orí ilé, ìpele 5 sí 10. Lára ohun tó kéré tó báyẹn! Ammonia inú dáì ló ń gbé èèpo náà sókè kí dáì lè rí ọ̀nà wọlé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú páálí: dáì náà kò ní àwọ̀ nígbà tó ń wọlé! Po ó sínú abọ́, ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Jókòó tì í. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú rẹ kòrókòró. Inú fọ́nrán irun ni àwọn èròjà náà ti ń so mọ́ra di búráùn. Wọ́n á tóbi tán, wọn ò ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ìyókù tó wà nínú ìgò ńkọ́? Má dé e pa! Má tọ́jú rẹ̀ de Sátidé tó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ́ ìgò.

Ooru orí rẹ nìkan tó láti mú kí ìdí irun tètè gba dáì ju ìyókù lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń kun àárín irun ṣáájú, tí wọ́n ń fi ìdí rẹ̀ kẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé dáì kì í ṣí dáì? Bí o bá kun dúdú nígbà Kérésì, tí o wá gbé búráùn lé e ní Ọdún Àjíǹde, ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á di búráùn. Ìsàlẹ̀ á dúdú kalẹ̀. Orí kan, àwọ̀ méjì!

O rò pé ilé ńlá ni dáì òyìnbó kan tó lókìkí ti bẹ̀rẹ̀? Inú ilé kékeré kan ní Paris ni! Eugène Schueller ló ń po tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1907, lọ́mọ ọdún 26. Ní 1909 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. L’Oréal ni wọ́n ń pè é lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe wàhálà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi bílíìṣì ṣí irun, wọ́n á tó wá kun ún. Ní 1956, dáì Miss Clairol tí wọ́n ń lò nílé dé. Ó ń ṣí àwọ̀, ó sì ń kun irun lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé!

Jẹ́ ká wọ ilé ìdáná ná.

Ṣé o mọ̀ pé oyin ń ṣe hydrogen peroxide fúnra rẹ̀? Bu omi díẹ̀ sí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ara kòkòrò oyin ni èròjà tó ń ṣe é ti wá. Omi inú páálí gan-an ni! Ṣùgbọ́n ó kéré jọjọ. Má retí ju kí irun kàn tàn díẹ̀ nínú oòrùn.

Kọfí ńkọ́? Tíì dúdú ńkọ́? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fà ọ́ sí. Wọ́n ń mú irun ṣókùnkùn sí i ni.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Omi rẹ̀ àti oòrùn lè ṣí àwọ̀ irun díẹ̀. Àmọ́ bí ó bá kán sí ọ lọ́rùn nínú oòrùn, ara lè lé ròrò, àpá dúdú á sì bá ọ gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀!

Nígbà àtijọ́, àwọn obìnrin Venice ní Ítálì fara da oòrùn ju ìyẹn lọ. Wọ́n á gun orí òrùlé, wọ́n á dé fìlà kan tó ní etí gbòòrò, tí kò ní òkè! Wọ́n á fa irun gba ojú ihò náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sí etí fìlà, oòrùn á máa pa irun, ojú á wà nínú òjìji. Solana lorúkọ fìlà náà. Cesare Vecellio ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé kan ní 1590.

Tún sẹ́yìn díẹ̀. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù, kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kìíní pé àwọn ará Gaul ń fi ọ̀rá ewúrẹ́ àti eérú igi ṣe ọṣẹ. Fún ìwẹ̀? Ó tì o! Láti fi pọ́n irun ni. Eérú àti ọ̀rá: àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú nílé wa ńbí, ẹ ò rí nǹkan!

Ká tiẹ̀ sọ ti láàlì, tí àwọn ìyàwó tuntun fi ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìlọrin. Ṣé o mọ̀ pé kò lè ṣí àwọ̀ irun dúdú rárá? Ńṣe ló ń tẹ́ pupa lé dúdú lórí. Nínú yàrá, o lè má rí nǹkan kan. Bọ́ sí oòrùn, ó pọ́n yòò! Èròjà tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn nínú ewé náà kò sì ju nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọba Ramesses II ti Íjíbítì kú ní 1213 ṣáájú ìbí Kristi, lẹ́ni nǹkan bí 90 ọdún. Irun rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ dòní, ó sì pọ́n! Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Paris ní 1976. Àwọn onímọ̀ yẹ irun náà wò, wọ́n ní yàtọ̀ sí láàlì, irun ọba náà ti pupa láti èwe.

Ṣọ́ra fún láàlì tí wọ́n ti lú mọ́ iyọ̀ irin. Bí o bá gbé dáì oní-peroxide lé irú rẹ̀ lórí, irun lè gbóná, kí ó sì rú èéfín!

Èéfín nìyẹn. Ìtọ̀ màlúù ńkọ́? Ní Gúúsù Sudan, àwọn ọ̀dọ́ Mundari tí ń da màlúù máa ń ti orí bọ abẹ́ màlúù tó ń tọ̀. Wọ́n fi ń fọ irun! Bó bá ṣe díẹ̀, irun dúdú á di àwọ̀ ọsàn. Ammonia ń bẹ níbẹ̀. Ammonia ń bẹ nínú páálí rẹ náà!

Àwọn obìnrin Himba ní Nàmíbíà kò ṣí àwọ̀ kankan ní tiwọn. Wọ́n po ọ̀rá wàrà màlúù mọ́ erùpẹ̀ pupa, wọ́n fi pa irun àti ara. Otjize ni wọ́n ń pè é.

O kun irun tán, o wọ odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, irun rẹ bá ń jọ àwọ̀ ewé? Gbogbo ayé á ní kẹ́míkà apakòkòrò inú omi ni. Irọ́! Bàbà inú omi ló ṣe é. Irun tó mọ́lẹ̀ jù ló sì ń fi hàn jù.

Ó ti rẹ̀ ọ́? Ra àtáṣímẹ́ǹtì. Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà tiwọn máa ń dojú rú? 1 jẹ́ dúdú, 4 jẹ́ búráùn. Ó yẹ kí 33 mọ́lẹ̀ ju 27 lọ, àbí? Rárá o! 27 ni àwọ̀ oyin. 30 pọ́n jù ú lọ. 33 wá ṣú ju méjèèjì lọ. 613 ni góòlù! Bí o bá sì da odindi páálí dáì lé èyí tó jẹ́ oníke lórí, ńṣe ni yóò máa wò ọ́.

Rilásà àti dáì kì í wọ ilé lọ́jọ́ kan náà. Fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín wọn, ó kéré tán.

Wákàtí 48 ṣáájú, fi dáì díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Ó yún ọ? Gbé páálí náà jù. PPD, èròjà kan nínú dáì, ló sábà máa ń fa wàhálà yẹn. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí irun.

Irun ìpéǹpéjú ńkọ́? Má dán an wò láé! Ní 1933, dáì ìpéǹpéjú kan ba ojú àwọn obìnrin jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan bá a lọ. Ní 1938, ìjọba ṣe òfin tuntun lórí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge.

Mo fi èyí tó ga jù pamọ́ dè ọ́.

Erékùṣù Solomon wà nínú Òkun Pàsífíìkì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ dúdú bíi tiwa. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 5 sí 10 ló ní irun àwọ̀ góòlù, tí wọ́n bí mọ́ wọn! Àwọn kan ní oòrùn ni. Àwọn kan ní ẹja tí wọ́n ń jẹ ni. Àwọn kan ní àwọn atukọ̀ Yúróòpù ló fi sílẹ̀ lọ.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní TYRP1. Ẹyọ kan, nínú nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta tó wà lára ènìyàn! Wọn kò sì rí irú rẹ̀ lára àwọn ará Yúróòpù.

Ìwọ ṣì ń wo aago kí ìṣẹ́jú 30 pé. Tiwọn ti parí kí wọ́n tó jáde nínú oyún!